Adelaide dé Darwin pẹ̀lú káráfáànì nínú ìsinmi oṣù keje: ṣé ọ̀sẹ̀ méjì tó?

Àdùkẹ́Adelaide (Ọjọ́ Àìkú, 7:12 alẹ́)

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Adelaide là ń gbé, èmi, ọkọ mi àti àwọn ọmọ wa mẹ́ta. Àgbà wọn jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá, àbíkẹ́yìn jẹ́ ọmọ ọdún márùn-ún. A ṣẹ̀ṣẹ̀ ra káráfáànì kan, àlòkù ni, àmọ́ ó mọ́, ibùsùn rẹ̀ sì gba gbogbo wa. Ọkọ̀ Prado wa ni yóò máa fà á.

Ìsinmi ilé ìwé inú oṣù keje la fẹ́ lò, ọ̀sẹ̀ méjì pẹ̀lú òpin ọ̀sẹ̀ tó wà níwájú àti lẹ́yìn rẹ̀. Èrò ọkọ mi ni pé ká gba títì Stuart lọ tààrà dé Darwin, ká sì gba ibẹ̀ padà. Ó ní ọ̀dà ni wọ́n dà sí gbogbo ọ̀nà náà, pé ẹni tó bá ti wakọ̀ láti Èkó dé Sókótó rí, kí ló kù tó máa bà á lẹ́rù. Ọkàn tèmi ò balẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ òótọ́ ibẹ̀ fún wa. Òun náà máa ka ohun tí ẹ bá kọ, torí náà ẹ má fi ohunkóhun pa mọ́.

BàbáÌbejì_PtAugusta (Ọjọ́ Àìkú, 8:40 alẹ́)

Ìyá wa, ẹ kú ètò ìrìn àjò. Ẹ kí bàbá àwọn ọmọ fún mi.

Port Augusta tí mo ń gbé yìí ni títì Stuart ti bẹ̀rẹ̀, Darwin ló sì parí sí. Ó lé ní 2,700 kìlómítà. Ẹ tún fi nǹkan bí 310 kún un, láti Adelaide dé ọ̀dọ̀ wa níbí. Àlọ nìkan nìyẹn, ó ti lé ní 3,000. Àlọ àti àbọ̀ jẹ́ 6,000, ẹ ò sì tíì yà síbì kankan. Èkó sí Sókótó kò tó 1,000. Ẹ rò ó pé ẹ lọ, ẹ bọ̀, lẹ́ẹ̀mẹ́ta, pẹ̀lú ilé lẹ́yìn ọkọ̀ àti ọmọ ọdún márùn-ún tó ń bèèrè pé "ṣé a ti dé?"

Ẹni tó ń fa káráfáànì kì í sáré bí ẹni tó wa ọkọ̀ lásán. Wọ́n fàyè gba 110 ní Gúúsù Australia, 130 ní apá ibi púpọ̀ lórí títì Stuart ní Northern Territory, ṣùgbọ́n 90 ni mo máa ń fi sí tí mo bá ń fa ẹrù, kì í sì í ju 95 lọ. Tí ẹ bá ka ìsinmi, oúnjẹ, epo, àti pé ẹ gbọ́dọ̀ ti dúró kí oòrùn tó wọ̀, 500 kìlómítà lóòjọ́ ti tó ẹni tó ní ọmọ kékeré. Ẹ wá pín 6,000 sí 500. Ọjọ́ méjìlá gbáko ni ẹ ó lò lórí ìjókòó. Ìgbà wo lẹ fẹ́ rí ilẹ̀ tí ẹ torí rẹ̀ jáde nílé?

Ìmọ̀ràn tèmi rèé: ẹ gbàgbé Darwin lọ́dún yìí. Ẹ lọ sí Coober Pedy, Uluru, Kings Canyon, Alice Springs, kí ẹ wá padà. Kò tó 4,000 kìlómítà, ẹ ó sì rí àyè jókòó síbì kan fún ọjọ́ méjì mẹ́ta. Ẹ fi Darwin sílẹ̀ di ìgbà tí ẹ bá ní ọ̀sẹ̀ márùn-ún tàbí mẹ́fà. Àwọn àgbàlagbà tó ti fẹ̀yìn tì, àwọn tí wọ́n ń pè ní grey nomads níbí, oṣù mẹ́ta ni wọ́n fi ń rin ọ̀nà yìí. Wọn kì í ṣe ọ̀lẹ o.

TúndéAwakọ̀ (Ọjọ́ Àìkú, 10:05 alẹ́)

Mo fara mọ́ ohun tí bàbá sọ. Road train ni iṣẹ́ mi, ọ̀nà yẹn gan-an ni mo ń tọ̀. Ẹ jẹ́ kí n bá ọkọ yín sọ̀rọ̀ bí awakọ̀ sí awakọ̀.

Ẹ̀gbọ́n, ọkọ̀ tí mò ń wà lè gùn tó mítà 53 ààbọ̀: orí kan, àgbá mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀. Tí ẹrù bá kún inú rẹ̀, ó lé ní 100 tọ́ọ̀nù. Tí mo bá tẹ búréèkì báyìí, iwájú lọ́hùn-ún ni mo máa dúró sí. Ẹ má ṣe já sí iwájú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kí ẹ wá dẹ̀rìn.

Tí a bá pàdé lójúkojú, atẹ́gùn wa máa kọ́kọ́ ti káráfáànì yín, á sì wá fà á. Ẹ di ọwọ́ ọkọ̀ mú, ẹ má yí i, ẹ fara mọ́ apá òsì díẹ̀ láìjẹ́ kí táyà jáde kúrò lórí ọ̀dà. Etí títì yẹn jẹ́ òkúta wẹ́wẹ́. Táyà kan lórí ọ̀dà, èkejì nínú òkúta, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ káráfáànì ti ń dojú dé.

Tí èmi ni mo fẹ́ kọjá yín láti ẹ̀yìn, ẹ má sáré, ẹ má sì dẹ̀rìn lójijì. Ẹ dúró lórí eré tí ẹ wà. Ìgbà tí mo bá ti bọ́ sí apá ọ̀tún tí orí ọkọ̀ mi ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín ni kí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rọra gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí epo, kí n lè tètè wọlé. Tí ẹ̀yin lẹ fẹ́ kọjá mi, ẹ gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà tó mọ́ dáadáa níwájú, ó lé ní kìlómítà kan. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ ní sùúrù.

Ẹ ra rédíò UHF. Kò wọ́n. Ìkànnì 40 ni àwa onítirélà ń gbọ́. Ìkànnì 18 ni àwọn oníkáráfáànì fi ń bára wọn sọ̀rọ̀. Ẹ kọ nọ́ńbà ìkànnì yín sí ẹ̀yìn káráfáànì. Tí mo bá rí i, mo lè pè yín, "káráfáànì funfun, mo fẹ́ kọjá o," kí gbogbo wa sì lọ ní àlàáfíà. Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ tirélà ló máa dúpẹ́ lọ́wọ́ yín.

Ọ̀rọ̀ alẹ́ ńkọ́? Ẹ má rìn ín. Kangaróò kì í wo ọ̀tún wo òsì. Ìrọ̀lẹ́ àti ìdájí ni wọ́n ń jáde wá jẹ koríko tó hù sí etí títì. Màlúù náà wà níbẹ̀, torí kò sí ọgbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà ní ibi púpọ̀, àti ràkúnmí. Ọkọ̀ wa ní irin ńlá níwájú, a sì ń rìn lóru torí iṣẹ́ ni. Tí ẹranko bá já lu ọ̀nà, ẹ tẹ búréèkì ní tààrà, ẹ má yà fún un. Ó dùn mí láti sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n yíyà yẹn ló ń pa ènìyàn.

Àdùkẹ́Adelaide (Ọjọ́ Ajé, 6:30 àárọ̀)

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin àgbà. Ọkọ mi ka gbogbo rẹ̀ lálẹ́ àná, kò sọ nǹkan kan, ó kàn lọ síta lọ wo ẹ̀yìn káráfáànì.

Ẹnì kan níbi iṣẹ́ mi sọ pé ká lọ wọn káráfáànì. Mo wo pátákó irin tó wà lára rẹ̀: Tare 2,060, ATM 2,500. Kí ni ìtumọ̀ rẹ̀ fún ẹrù wa?

BàbáÌbejì_PtAugusta (Ọjọ́ Ajé, 1:15 ọ̀sán)

Ìbéèrè tó yẹ kí gbogbo èèyàn kọ́kọ́ bèèrè nìyí, kí wọ́n tó ra àga àti tábìlì. Ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ sí i.

Tare ni ìwọ̀n káráfáànì lófìfo, bó ṣe jáde láti ilé iṣẹ́. ATM ni ìwọ̀n tí kò gbọ́dọ̀ kọjá nígbà tí ẹ bá ti kó gbogbo ẹrù sínú rẹ̀. Ẹ yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì: 440 kílò. Ìyẹn ni gbogbo àyè tí ẹ ní.

Ó dà bíi pé ó pọ̀, àbí? Ẹ wò ó báyìí. Omi: tí àgbá omi bá jẹ́ méjì, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gba 90 lítà, 180 kílò ti lọ. Gáàsì inú sílíńdà kílò mẹ́sàn-án méjì: 18. Ó ku 242. Tí ẹni tí ẹ rà á lọ́wọ́ rẹ̀ bá ti so bátìrì kejì, pánẹ́ẹ̀lì sólà tàbí ẹ̀rọ amúlétutù mọ́ ọn lẹ́yìn tó ti jáde nílé iṣẹ́, ìwọ̀n wọn kò sí nínú Tare yẹn, ẹ yọ ọ́ kúrò. Kí ẹ wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka aṣọ èèyàn márùn-ún, aṣọ òtútù, ìkòkò, gaàrí, ìrẹsì, àga, irin iṣẹ́, kẹ̀kẹ́ àwọn ọmọ. Kò sẹ́ni tó ń fi ojú mọ̀ ọ́n. Ẹ kó ẹrù bí ẹni ń lọ gan-an, ẹ kún omi, kí gbogbo ẹbí wọ ọkọ̀, kí ẹ sì gbé e lọ síbi ìwọ̀n ọkọ̀. Wọ́n wà káàkiri, àwọn kan tilẹ̀ máa ń gbé ìwọ̀n wá bá èèyàn nílé.

Ohun kejì ni ìwọ̀n orí ìkọ́, ibi tí káráfáànì ti kan ọkọ̀. Nǹkan bí ìdá mẹ́wàá ìwọ̀n káráfáànì ló yẹ kó wà níbẹ̀. Fún tiyín, 250 kílò. 250 yẹn ẹrù inú Prado ni wọ́n kà á sí! Ẹ fi bàbá, ìyá, ọmọ mẹ́ta, fíríìjì kékeré àti irin iwájú kún un, ẹ ó rí i pé Prado lè ti kún kí káráfáànì tó kún. Ìwé ọkọ̀ yín máa sọ iye tó lè gbé, iye tó lè fà, àti iye tí méjèèjì lápapọ̀ kò gbọ́dọ̀ kọjá. Nọ́ńbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yàtọ̀ síra, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ sì gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé.

Ẹrù tó wúwo, ẹ kó o sí àárín, lókè táyà, nílẹ̀. Tí ẹ bá kó o sí ìdí káráfáànì, orí ìkọ́ á fúyẹ́, káráfáànì á wá bẹ̀rẹ̀ sí í ju ìdí sọ́tùn-ún sósì bí ìrù ẹja. Tó bá ṣẹlẹ̀, ẹ má tẹ búréèkì ọkọ̀, ẹ má sì gbìyànjú láti fi ọwọ́ ọkọ̀ tọ́ ọ. Ẹ gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí epo, kí ẹ fi ọwọ́ tẹ bọ́tìnnì búréèkì káráfáànì nìkan, èyí tó wà níwájú awakọ̀. Búréèkì ẹ̀yìn á fà á gùn padà. Ẹ jọ̀ọ́, kí bàbá àti ẹ̀yin náà kọ́ ibi tí bọ́tìnnì yẹn wà kí ẹ tó kúrò nílé, kí ọwọ́ lè wá a rí láìsí pé ojú wò ó.

Òfin sì ni pé káráfáànì tó bá kọjá 2,000 kílò gbọ́dọ̀ ní búréèkì lẹ́sẹ̀ gbogbo, pẹ̀lú ẹ̀rọ tí á dá a dúró fúnra rẹ̀ tó bá já kúrò lára ọkọ̀. Bátìrì kékeré ló ń gbé ẹ̀rọ yẹn. Nínú àlòkù, ó sábà máa ń ti kú. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò.

ỌmọÌjẹ̀bú_Perth (Ọjọ́ Ajé, 3:02 ọ̀sán)

Ẹ jẹ́ kí n fi táyà kún un. Ara táyà ni wọ́n ti kọ nọ́ńbà mẹ́rin kan. Tó bá jẹ́ 2317, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2017 ni wọ́n ṣe é. Káráfáànì máa ń jókòó sójú kan fún oṣù púpọ̀, oòrùn á máa jẹ táyà nígbà tí eyín rẹ̀ ṣì mú. Ẹ̀gbọ́n mi kan yá káráfáànì lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ kan, wọ́n ní tuntun ni táyà rẹ̀. Ó bẹ́ lórí 90 Mile Straight, títì tó lọ gbọọrọ fún kìlómítà 146 láìsí kọ́nà kankan láàárín Balladonia àti Caiguna. Nígbà tó wo nọ́ńbà yẹn, táyà náà ti lé lọ́dún mẹ́wàá. Ọlọ́run ló yọ wọ́n. Àlòkù lẹ rà, ẹ wo tiyín lónìí, àti táyà àfirọ́pò (spare).

Ẹni tó bá sì ń bọ̀ sọ́dọ̀ wa ní Western Australia lọ́jọ́ kan, kó mọ̀ pé wọ́n ń tú ọkọ̀ ní ẹnubodè. Èso tútù, ewébẹ̀ tútù, oyin, wọn á gbà á. Ẹ̀fọ́ tí ẹ rà fún ọbẹ̀ ọ̀sẹ̀ kan, ẹ sè é kí ẹ tó débẹ̀.

BàbáÌbejì_PtAugusta (Ọjọ́ Ajé, 3:20 ọ̀sán)

Ìpínlẹ̀ wa náà kì í gbà kí èèyàn kó èso wọlé, torí kòkòrò inú èso. Nígbà àbọ̀, ẹ jẹ gbogbo èso yín tán kí ẹ tó kúrò ní Northern Territory.

Bíọ́dúnPrado (Ọjọ́ Ajé, 8:50 alẹ́)

Ẹ káalẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Èmi ni ọkọ Àdùkẹ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín, pàápàá Bọ̀ọ̀dá Túndé. Ọ̀rọ̀ nọ́ńbà ò ní àríyànjiyàn, mo ti gbà pé Darwin di ìgbà mìíràn. Ohun tó kù tó ń dùn mí ni pé ká gba ọ̀nà kan náà lọ, ká sì gba ibẹ̀ náà bọ̀. Mo ń wo máàpù, mo rí Oodnadatta Track: láti Marla dé Marree. Ṣé a ò lè gba ibẹ̀ padà? Mo gbọ́ pé adágún Kati Thanda tí wọ́n tún ń pè ní Lake Eyre wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ibi tó rẹlẹ̀ jù lọ ní gbogbo Australia. Mo fẹ́ kí àwọn ọmọ rí i.

AlhajiMarree (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5:45 àárọ̀)

Bíọ́dún, o káre. Mo fẹ́ràn ọ̀nà yẹn dọ́kàn, òun ni mo fi ń jẹ́ orúkọ tí mò ń jẹ́ níhìn-ín.

Ó tó 620 kìlómítà, kò sí ọ̀dà lórí rẹ̀. Ipa ọ̀nà ojú irin àtijọ́ ló ń tẹ̀ lé, ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin Ghan, bẹ́ẹ̀ náà ni wáyà tẹligíráàfù àkọ́kọ́ tí wọ́n fà láti gúúsù dé àríwá, tó parí ní 1872. Ìdí tí gbogbo wọn fi gba ibẹ̀ ni omi. Ìsun omi ń jáde lábẹ́ ilẹ̀ níbẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, nínú aṣálẹ̀, àwọn ọmọ onílẹ̀ sì ti mọ̀ wọ́n láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ọ̀nà òwò tiwọn ni kó tó di ọ̀nà ẹnikẹ́ni. John McDouall Stuart tí wọ́n sọ títì ní orúkọ rẹ̀, ìsun omi wọ̀nyẹn ló ń tọ̀ títí ó fi dé etíkun àríwá ní 1862.

Ohun tó mú mi dé Marree ní àkọ́kọ́ ni mọ́sálásí. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, kò sí ẹṣin tó lè kó ẹrù la aṣálẹ̀ yẹn kọjá, ni wọ́n bá kó ràkúnmí wá pẹ̀lú àwọn tó mọ̀ ọ́n dà, Mùsùlùmí láti Afghanistan, Balochistan àti Punjab. Àwọn ni wọ́n gbé òpó wáyà, oúnjẹ, irun àgùntàn, gbogbo ohun tí ìlú àárín gbùngbùn fi dúró. Wọ́n kọ́ mọ́sálásí sí Marree, ó sì wà lára àwọn àkọ́kọ́ ní Australia. Èyí tí wọ́n tún kọ́ ní àwòrán rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, ilé kóńkóló tí wọ́n fi koríko bo orí rẹ̀. Orúkọ ọkọ̀ ojú irin Ghan, wọ́n ní látara wọn ni. Nígbà tí mọ́tò dé, òwò wọn kú, wọ́n tú ràkúnmí sílẹ̀ sínú igbó. Àwọn ọmọ ọmọ ràkúnmí wọ̀nyẹn ni Túndé ń bá pàdé lóru. Mo kírun níbẹ̀, mo sì gbàdúrà fún àwọn tó kọ́ ọ. Ó yẹ kí àwọn ọmọ rẹ mọ̀ pé kì í ṣe àwọn aláwọ̀ funfun nìkan ló la ọ̀nà orílẹ̀-èdè yìí.

Ní ti káráfáànì: lọ wò ó bóyá wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé ó lè rìn lọ́nà tí kò lọ́dà. Tí kò bá sí, má gbé e débẹ̀. Tó bá wà, dín atẹ́gùn táyà kù, má kọjá 60 sí 70, kí o sì lẹ ojú ihò gbogbo nítorí eruku. Ó ṣeé ṣe.

BàbáÌbejì_PtAugusta (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:10 àárọ̀)

Alhaji, mo bọ̀wọ̀ fún yín, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò ní fọwọ́ sí i fún ẹbí yìí. Ìrìn àjò àkọ́kọ́ wọn ni, káráfáànì àlòkù ni, ọmọ kékeré wà níbẹ̀, wọn ò sì mọ ohun tí ọ̀nà tó rí wàgìwàgì ń ṣe fún kọ́bọ́ọ̀dù. Ẹ̀dọ̀ èèyàn á mì, túúbù fíríìjì á já, gbogbo skrúù á tú. Tí òjò díẹ̀ bá sì rọ̀, amọ̀ ni gbogbo rẹ̀, wọ́n á ti ọ̀nà pa, ẹ lè wà lójú kan fún ọjọ́ mẹ́ta mẹ́rin, ìtanràn ńlá sì ń bẹ fún ẹni tó bá wọ ọ̀nà tí wọ́n ti pa.

Bíọ́dún, ṣe báyìí: nígbà àbọ̀, fi káráfáànì sílẹ̀ ní Coober Pedy níbi ìgúnlẹ̀sí wọn (caravan park). Fi Prado nìkan lọ sí William Creek, kìlómítà 165 tàbí bẹ́ẹ̀, tí ìròyìn ọ̀nà bá sọ pé ó ṣí sílẹ̀. Ọkọ̀ òfurufú kékeré wà níbẹ̀ tó ń gbé èèyàn yípo lókè Kati Thanda. Ẹ ó rí adágún náà ju bí ẹ ṣe lè rí i láti etí rẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ ọdún ló ń jẹ́ iyọ̀ lásán, omi kì í sábà wọ̀ ọ́ àfi tí odò bá kún wá láti Queensland.

AlhajiMarree (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:31 àárọ̀)

Ọ̀rọ̀ bàbá bọ́ sí i. Mo gbà fún un. Marree á ṣì wà níbẹ̀, ẹ lè gbé àgọ́ lọ sí ibẹ̀ láti Adelaide ní ìsinmi mìíràn.

Nọ́ọ̀sìAlice (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11:20 àárọ̀)

Àǹtí Àdùkẹ́, ẹ kú ìmúra. Alice Springs ni mo ti ń ṣiṣẹ́, mo sì fẹ́ sọ ohun tí mò ń rí lẹ́nu iṣẹ́.

Òtútù ni ẹ kọ́kọ́ múra fún. Àwọn èèyàn wa gbọ́ "aṣálẹ̀", wọ́n kó aṣọ pénpé. Ní oṣù keje, ọ̀sán dára púpọ̀, bíi 20, ṣùgbọ́n lóru ó máa ń wọlẹ̀ kọjá òdo, omi inú rọ́bà á dì. Ẹ kó bùláńkẹ́ẹ̀tì àti fìlà. Ẹ má tan iná gáàsì ìdáná sun láti fi mú káráfáànì móoru o! Èéfín tí kò ní òórùn yẹn ń pa odindi ẹbí lójú oorun.

Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, oṣù kejìlá sí ìkejì, mi ò gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti wá. Oodnadatta ti gbóná dé 50.7 rí, ní ọjọ́ kejì oṣù kìíní ọdún 1960.

Tí ọkọ̀ bá bàjẹ́, ẹ má fi í sílẹ̀. Èyí ni mo fẹ́ kí ẹ rántí tí ẹ bá gbàgbé ìyókù. Ọkọ̀ ní òjìji, ó ní omi, ọkọ̀ òfurufú sì lè rí i láti òkè. Èèyàn tó ń fẹsẹ̀ rìn kò ṣeé rí. Ẹ gbé omi mímu lọ́tọ̀ sí ti inú àgbá, ó kéré tán lítà márùn-ún fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lóòjọ́. Fóònù kì í ṣiṣẹ́ láàárín ìlú kan sí èkejì. Ẹ ra ẹ̀rọ kékeré PLB tó ń ránṣẹ́ sí sátẹ́láìtì, tí ẹ sì fi orúkọ yín sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ àfi tí ẹ̀mí bá wà nínú ewu.

Fún ejò: tó bá bu èèyàn jẹ, ẹ má fọ ojú ibẹ̀, ẹ má gé e, ẹ má fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ẹ fi báńdéèjì fífẹ̀ wé gbogbo ẹsẹ̀ tàbí apá náà le dáadáa, láti ìka dé òkè, kí ẹni náà dùbúlẹ̀ láì mira, kí ẹ pe 000. Àwọn dókítà tó ń fò, Royal Flying Doctor Service tí John Flynn dá sílẹ̀ ní 1928, ni yóò bá yín dé ibi tí ẹ wà. Mo ti rí i tí ọkọ̀ òfurufú wọn balẹ̀ pẹ̀lú àwọn tí mo rò pé a ti pàdánù. Iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ń ṣe.

Ní Uluru, àpáta ńlá nì, Yulara tó wà nítòsí rẹ̀ ni ẹ ó sùn, torí kò sí ibi àgọ́ nínú ọgbà ìjọba fúnra rẹ̀. Ẹ tètè gba àyè sílẹ̀ báyìí, ìsinmi ilé ìwé ni. Àwọn ọmọdé kì í san owó ìwọlé. Àwọn Anangu ló ni ilẹ̀ náà. Wọ́n dá a padà fún wọn ní ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹwàá ọdún 1985, ní ọjọ́ kan náà ní 2019 ni wọ́n sì fòpin sí gígun àpáta náà pátápátá. Ẹ̀yin tí ẹ wá láti ilẹ̀ Olúmọ àti Ìdànrè, mo mọ̀ pé ó máa yé yín pé àpáta lè ju òkúta lọ. Àwọn ibì kan wà lára rẹ̀ tí wọ́n kọ pé kí a má ya fọ́tò, ẹ tẹ̀ lé e. Ẹ fẹsẹ̀ yí i ká, ó tó kìlómítà mẹ́wàá, ẹ bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀. Ọmọ ọdún márùn-ún lè ṣe apá Mala nìkan, ó kúrú. Ní ọjọ́ kejì, Kata Tjuta, àwọn àpáta mìíràn nínú ọgbà kan náà. Èmi fẹ́ràn rẹ̀ ju Uluru lọ, ẹ má bínú sí mi.

Àdùkẹ́Adelaide (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:15 alẹ́)

Ọlọ́run á bùkún yín. Ohun kan wà tí mo fẹ́ bèèrè lọ́wọ́ Nọ́ọ̀sì: báwo ni wọ́n ṣe ń gba ẹni dúdú níbi ìgúnlẹ̀sí wọ̀nyẹn? Mi ò fẹ́ kí wọ́n máa wo àwọn ọmọ mi bí ohun àjèjì.

Nọ́ọ̀sìAlice (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10:02 alẹ́)

Àǹtí mi, wọ́n máa wò yín. Ẹ ò ní rí ẹni tó jọ yín púpọ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn oníkáráfáànì máa ń kíra wọn. Kí ẹ tó kan ìkọ́ tán, ẹnì kan á ti wá bá bàbá wakọ̀ wọ ẹ̀yìn. Ẹ kí wọn padà, ẹ jẹ́ kí òórùn ìrẹsì yín jáde, àwọn ọmọ á sì rí ẹgbẹ́ ṣeré. Tí ẹnikẹ́ni bá sọ̀rọ̀kọ́rọ̀ sí yín, ẹ lọ sọ fún ẹni tó ni ibẹ̀, ẹ má dákẹ́.

Ẹ má sì gbàgbé pé àwọn ọmọ onílẹ̀ ni ẹ máa rí jù lọ ní Alice. Ẹ má ya fọ́tò wọn láì gba àṣẹ. Abúlé wọn tó wà ní ẹ̀gbẹ́ títì, kì í ṣe ibi tí èèyàn ń yà lọ wò. Ibòmíràn gba ìwé àṣẹ, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì fòfin de ọtí.

Bíọ́dúnPrado (Ọjọ́bọ̀, 7:40 alẹ́)

A ti wọn káráfáànì lónìí, pẹ̀lú gbogbo ẹrù. 2,590. Ó fi 90 kílò kọjá. Kẹ̀kẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti di ohun tí ń dúró sílé, jẹnẹrétọ̀ náà, torí sólà wà lórí rẹ̀. Táyà mẹ́rin la máa pààrọ̀, nọ́ńbà wọn ti pẹ́.

Ètò wa rèé: Port Augusta, Coober Pedy alẹ́ méjì, Erldunda, Yulara alẹ́ mẹ́ta, Kings Canyon méjì, Alice mẹ́ta, ká wá rọra bọ̀, ká sì dúró ní Coober Pedy lẹ́ẹ̀kan sí i fún William Creek. Ìbéèrè mi tó kù: níbo ni epo ti ń jìnnà jù?

TúndéAwakọ̀ (Ọjọ́bọ̀, 9:18 alẹ́)

Ẹ̀gbọ́n, ètò tó dára nìyẹn. Láti Glendambo dé Coober Pedy, ó lé ní 250 kìlómítà, kò sí ilé epo kankan láàárín. Ilẹ̀ tí ìjọba fi ń dán ohun ìjà wò ni ẹ ń la kọjá níbẹ̀, torí náà ẹ má yà kúrò lórí títì, ibi ìsinmi tí wọ́n sàmì sí nìkan ni kí ẹ dúró. Coober Pedy sí Marla náà tó 235. Pẹ̀lú káráfáànì, Prado máa mu lítà 18 sí 20 fún 100 kìlómítà. Tí atẹ́gùn bá kọjú sí yín, ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ máa kún un ní gbogbo ibi tí ẹ bá ti dé ìdajì, ẹ má wo owó rẹ̀. Kí ẹ sì pa fíríìjì onígáàsì kí ẹ tó wọ ilé epo.

Ní Coober Pedy, ẹ di ọwọ́ àwọn ọmọ mú. Kànga tí wọ́n gbẹ́ láti 1915 torí òkúta opal ló kún ibẹ̀, ọ̀pọ̀ ni kò ní ìdérí. Ibì kan wà nínú ìlú tí wọ́n ti fàyè gba gbogbo èèyàn láti ṣa òkúta, ẹ kó wọn lọ síbẹ̀.

Mo máa wà lójú ọ̀nà ní ọ̀sẹ̀ kejì yín. Ìkànnì 40. Tí ẹ bá gbọ́ Yorùbá lórí rédíò, èmi ni, ẹ dáhùn.